Ọ̀dú Tí Olóko Kò Mọ̀

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ṣàjèjì sí òun, n ó wí pé, "Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Wọn á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, nínú oko kan tí kò jìnnà sí Pobè, òwe náà yíjú padà sí èmi tí ń pa á.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SVT, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi náà ni mo ń bójú tó ẹgbẹ́ àṣà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ nílé. "Légume" ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ sọ. Àwọn díẹ̀ mẹ́nu ba gbóma, tí í ṣe orúkọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Gun àti àwọn Fọn tí a jọ ń ná ọjà. Ó dùn mí. Mo wí fún wọn pé a ó lọ sí oko, a ó fi ọwọ́ ara wa já ẹ̀fọ́, a ó dá iná igi, a ó sì sè é. A kò ní gbé gáàsì lọ, a kò sì ní bẹ alásè. Ẹ̀kọ tí a bá rà ní ọjà Pobè ni a ó fi jẹ ẹ́.

Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo kó lọ. Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wọn ló ni oko náà. A kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá."

"Ọ̀ọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú àbọ̀. Ọ̀dú wà lẹ́yìn ahéré, òjò ti jẹ́ kí ó yọ dáadáa. Ẹ lọ já èyí tí ó bá tó yín, kí n wá igi wá."

Mo ṣáájú wọn lọ. Bí a ti ń lọ ni mo ń kọ́ wọn: orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì ni Solanum nigrum, àwọn Faransé ń pè é ní morelle noire, ẹbí kan náà ni òun, tòmátì, igbá àti ata, òdòdó rẹ̀ sì funfun bí ìràwọ̀ kékeré. Mo rí àwọn ewéko kan tí òdòdó wọn funfun, tí ewé wọn sì jọ èyí tí mo rí nínú àwòrán. "Òun nìyí," ni mo wí. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ká a lórí. A ti já a tó ìdajì apẹ̀rẹ̀ kí màmá tó dé.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró! Ata mi lẹ ń já yẹn!"

Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn ọmọ kò wo ata. Èmi ni wọ́n ń wò. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní kíláàsì, tí máàkì rẹ̀ kò sì ga. Ó rọra wí pé, "Mádàámù, mo mọ̀ pé ata ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ọ̀dú ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtìjú ata kì í ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni kò tíì tán lára mi. Ó mọ ohun tí ó tọ́. Ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nítorí pé olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó fi ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá wa ká ata. Mo ti kọ́ ọ débi pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Mo bẹ màmá, mo sì fẹ́ san owó ata náà. Kò gbà. Ó ní ata tí a ká lórí yóò ta ẹ̀ka, yóò sì so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó mú wa dé ìdí ọ̀dú, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó gbé ewé méjèèjì sí ọwọ́ mi. Ewé ata ń dán, ti ọ̀dú sì rọ̀. Òdòdó ata máa ń dá dúró ní oríta ẹ̀ka, ọ̀kan tàbí méjì. Ti ọ̀dú máa ń ṣù pọ̀ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èso rẹ̀ á sì ṣù pọ̀ bákan náà, á tutù yọ̀yọ̀ ní kékeré, á sì dúdú bí ó bá gbó. Mo ní orúkọ rẹ̀ ní èdè mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n.

A padà sí ìdí iná. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ agbègbè wa, òkúta kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ògúlùtu ọ̀gán mẹ́ta ni màmá fi ṣe ààrò. Ó fi ìhá ẹyìn gbígbẹ ràn án, ó sì to imọ̀ ọ̀pẹ lé e kí ó tó ki igi bọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin kan fi tirẹ̀ kún un. Igi náà wọ́, ó gbé iná sókè, ìkòkò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá fà á yọ. "Igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú," ni gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Òwe tí mo ti kọ sójú pátákó fún wọn ni, ṣùgbọ́n wọn kò rí i rí.

Ọbẹ̀ náà kò le. A ṣa èso kúrò lára ewé pátápátá, nítorí èso tútù rẹ̀ lè pa ènìyàn lára. A fọ ewé, a bọ̀ ọ́ nínú omi tí ń hó, a sì da omi náà nù kí ìkorò lè bá a lọ. A fún un. Ọmọ méjì lọ ata àti àlùbọ́sà lórí ọlọ. Màmá gbé ìṣaasùn ka iná, ó da epo pupa sí i. Epo kò wọ́n wa: Pobè tí ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922 kò gbọdọ̀ bẹ epo. Ata, àlùbọ́sà, ìrú àti iyọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí omi ata gbẹ tí epo sì léfòó, ó da ẹ̀fọ́ sí i, ó rò ó pọ̀, ó sì fa igi méjì sẹ́yìn. Ìkòkò ni èmi tẹjú mọ́. Ó wí fún mi pé, "Ìyá olùkọ́, iná ni ká máa wò. Bí iná bá gbọ́ràn, ọbẹ̀ á gbọ́ràn." Kò pẹ́ tí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀, ewé náà sì tutù síbẹ̀.

A fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. Ìkorò díẹ̀ wà níbẹ̀, irú èyí tí í jẹ́ kí ènìyàn tún bù sí i. Mo wá sọ fún wọn pé àwọn ìwé ilẹ̀ Faransé sábà máa ń ka ewé yìí mọ́ ewéko olóró, bẹ́ẹ̀ ni ní erékùṣù Réunion, tí òun náà ń sọ Faransé, wọ́n ń sè é, wọ́n sì ń pè é ní brèdes morelles. Ní Kẹ́ńyà àti Kamẹrúùnù pẹ̀lú, ẹ̀fọ́ gidi ni. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń sè é ni kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Sakété ṣe dàgbà láìmọ ọ̀dú? Ohun tí mo ń bi ara mi ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, mo sì mọ ìdáhùn. Ẹ̀fọ́ ni ìyá mi tà ní ọjà Sakété ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ní ìdájí ni ó ń di í ní ìdì ìdì. Bí mo bá na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, yóò wí pé, "Fi í sílẹ̀. Ìwé rẹ ni kí o mú." Owó ìdì ẹ̀fọ́ wọ̀nyẹn ni mo fi ka kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ni ó gbé mi dé Yunifásítì Abomey-Calavi tí mo ti gba líséǹsì. Ẹ̀fọ́ ló sọ mí di olùkọ́, a kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo di ẹ̀kúnwọ́ ọ̀dú kan, mo gbé e lọ sí Sakété. Mo ròyìn ohun gbogbo fún ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi ata, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Èmi ni mo ní kí o má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Bí kò bá sí tiyín, kí ni ǹ bá jẹ́?"

Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ẹ̀fọ́ náà sí orí ẹsẹ̀ mi. "Ṣa èso rẹ̀ kúrò," ni ó wí, "kí o sì máa wo ọwọ́ mi."

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé wa yìí, n kò ní kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má lé e kúrò nídìí ààrò nítorí ìwé. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ilé, oko àti ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ẹ mọ ibi tí ìkòkò yóò fì sí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kó ẹ̀ka ata àti ẹ̀ka ọ̀dú wá sí kíláàsì. Mo pe ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn síwájú, mo ní kí ó kọ́ wa. Ó kọ́kọ́ tijú. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀ka méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo lọ jókòó sí ààyè rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo ṣí ìwé mi, mo sì ń kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀.