Sátidé Àgùnbánirọ̀

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòròdú, ẹ má fi gbogbo Sátidé máàkì ìwé. Nígbà tí ìjọba Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ (NYSC) sílẹ̀ ní 1973, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀dọ́ mọ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kíláàsì nìkan ò lè fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ parí nóòtì ìkọ́ni lálẹ́ Jímọ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, ó di Gáréèjì Ìkòròdú, ẹ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo. Ẹ béèrè Erédò Sùǹgbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tó gùn ju 160 kìlómítà lọ. Kílẹ̀ tó ṣú, kí ẹ ti padà.

Ìrìn yẹn ò ní dín iye ọmọ tó kún inú kíláàsì yín kù o. Àmọ́ ní Mọ́ńdé, ẹ béèrè orúkọ ẹja tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ọmọ tí kì í lanu nígbà ìṣirò lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ nawọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀: tí ẹja kan bá jẹ́ iye báyìí, mẹ́wàá ńkọ́?