Káfíńtà òkè tó bá gba iṣẹ́ ní Òde Ùgbò

Ẹ̀yin káfíńtà wa ní Àkúrẹ́ àti Òwọ̀, ẹ fi òòlù sílẹ̀ díẹ̀ ná. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ilé pákó ní Òde Ùgbò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, àjò ló lọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Òndó kan náà ni.

Lókè, ìpìlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́. Níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé ènìyàn mì dé orúnkún, kí lẹ fẹ́ gbẹ́? Òpó ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n á máa tì í, wọ́n á máa mì í, títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Orí òpó yẹn ni wọ́n ń tẹ́ pákó lé, kí ilé lè ga ju ibi tí omi ń kún dé.

Igi wo lẹ máa lò? Ibẹ̀ lẹjọ́ wà. Kòkòrò kan ń bẹ nínú omi oníyọ̀ tó ń lu igi bí ìgbà tí ikán wọ àpótí. Lójú, òpó ṣì dára; inú ti ṣófo. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀kí ló lè bá a fà á. Òyìnbó pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀kí ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn ará Họ́láǹdì fi ń ṣe ilẹ̀kùn ńlá tó ń sé omi. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó le, ayùn á sunkún. Káfíńtà tó bá fi igi pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, owó ìyá ẹlẹ́ja ló jẹ yẹn, owó tó fi èéfín ojú wá.

Ẹ ṣọ́ ẹnu o, pàápàá ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀, akọni ni Mọ́remí. Wọ́n ṣí ère rẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42 ní 2016. Ní Ùgbò, níbi tí Olúgbò ti jọba, àwọn ni ìtàn náà pè ní ọ̀tá. Wọ́n ní àwọn ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Ẹni tó fẹ́ gbowó iṣẹ́, kó gbọ́ tiwọn náà.

Ní Ayétòrò létí òkun, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Bí omi bá ti ń sún mọ́lé, onílé pákó á tú tirẹ̀, á kó o sẹ́yìn, á tún un kàn. Onílé búlọ́ọ̀kù á kàn máa wò ó ni. Nítorí náà, bí ìyá onílé bá jókòó sórí pákó tuntun, tó ní, “Ọ̀gá káfíńtà, bó bá di ọjọ́ pé ká tú u ńkọ́?”, kí ọ̀gá má rẹ́rìn-ín. Kó fi ibi tí ìṣó wà hàn án.