Igi Ni Wọ́n Kà, Wọn Ò Ka Àwa

Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ lónìí lè gba ẹ̀gbẹ́ igbó Ọmọ kọjá láì mọ̀ pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà níbùú lóròó. Ilẹ̀ fọ́rẹ́sítì ni, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi pín in, ìdí nìyẹn tí ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀ fi ń jẹ́ J4 títí di òní. Ẹ gbọ́ irú orúkọ tí wọ́n ń sọ ibi tí èèyàn ń gbé!

Inú igbó yẹn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wá láti ìhà Ọ̀ṣun, ó tẹ̀ lé ọ̀gá onígẹdú kan. Abà wa kò ju ilé mélòó kan lọ, ewé gbòdògì la fi bo gbogbo wọn, bí a bá sì fẹ́ dé abà kejì, àárọ̀ kùtù la ti ń gbéra. Kò sí káńsù, kò sí kóòtù, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ilé ìwòsàn. Ìjọba kan ṣoṣo tí a mọ̀ lójú ni fọ́rẹ́sítì.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sítì bá ń bọ̀, ajá ló ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Òòlù irin kan máa ń wà lọ́wọ́ olórí wọn, lẹ́tà wà lójú rẹ̀ bíi ti òǹtẹ̀. Bí àwọn onígẹdú bá ti wó igi tán, olórí náà yóò fi àáké bó èèpo kúrò lójú kan lára kùkùté, yóò ha á títí yóò fi dán, yóò wá gbá òòlù mọ́ ọn. Gbàù! Yóò tún gbá a mọ́ orí gẹdú náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò yọ ìwé, yóò wọn igi, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀gànwó, arère, ìdígbó, àfàrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀. Gẹdú tí kò bá ní ojú òòlù, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Àwa ọmọdé a tò yí i ká, a máa wò ó. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Ta ló wá ń ṣàkóso wa? Ẹni tó kọ́kọ́ dé abà náà ni. Baálẹ̀ là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo rántí ẹjọ́ ẹtu kan. Ọkùnrin kan dẹ pàkúté, ẹtu kó sí i, ó já okùn, ajá ẹlòmíràn sì lé e mú ní òdìkejì odò. Ariwo di ti àdá. Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó àdá wá síwájú òun ná, ó wá dájọ́ pé kí ẹni tó dẹ pàkúté mú orí àti itan kan, kí ìyókù jẹ́ ti alájá, kí àwọn méjèèjì sì bù fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lábà. Ẹjọ́ parí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ mú igbáàyà ẹran náà, ìyẹn ò sí nínú ìdájọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan máa ń yin irú ayé bẹ́ẹ̀ pé kò sí rìbá, kò sí lọ́yà. Èmi ò bá wọn yìn ín délẹ̀. Baálẹ̀ yìí kan náà ló ń ta iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn láwìn fún wa, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ lówó kì í jàre lọ́dọ̀ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Níbo ni yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí?

Ìyàwó àbúrò bàbá mi rọbí lójò. Ọkọ̀ agbégẹdú nìkan ló lè gbé e jáde, ẹrẹ̀ sì mú ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Orí ìtí igi ló bí ọmọ sí. Ọmọ yè, ìyá kò yè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ la sin ín sí, kò sì sí ìwé kankan níbì kan tó sọ pé ó gbé ayé rí. Ìtí tó kú lé lórí, òòlù wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 1963, mi ò rí ẹni tó dé abà wa. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi mẹ́lìnà lẹ́yìn òmìnira, tí wọ́n ń gba lébìrà, ni akọ̀wé owó oṣù kọ orúkọ bàbá mi sílẹ̀, kí wọ́n lè san owó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí n lè kàwé, tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi kan etí òsì. Ó kàn án, ó ní mo ti tó ilé ìwé. Nígbà tí mo fẹ́ gbaṣẹ́, bàbá mi búra ní kóòtù, kóòtù sì fún mi ní ọjọ́ ìbí. Òun náà ni àwọn ọmọ mi fi ń ṣe àríyá fún mi lọ́dọọdún. Mo ń jẹ kéèkì wọn, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Èèyàn ti pọ̀ nínú igbó náà báyìí ju ti ìgbà tiwa lọ. Kòkó ti wọ ibi tí òfin ní kó má wọ̀, erin tó kù níbẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé kí wọ́n má dáàbò bo igbó. Igbó tó bá run kò ní padà lójú ẹ̀mí wa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ ìjọba ni pé kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mọ iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí yóò kó wọn lọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣì wà lábà, ẹ má dúró de akọ̀wé tí yóò wá bá yín. Bí ẹ bá ti bímọ, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ nílùú tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì gba ìwé ìbí rẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó padà sígbó.