Àyè Díẹ̀ fún Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tí ó máa ń ti Àjàṣẹ́ gba Sàkẹ́tẹ́ lọ sí Pọbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í tán lẹ́nu bàbá mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, mo fi idẹ ṣe kékeré irú rẹ̀ fún un ní Ìfọ̀nyìn. Mo jó àpótí tí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí nínú rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Níbi tí ojú irin kò ti tẹ́jú, ẹsẹ̀ kan kò kanlẹ̀, ọkọ̀ sì yẹ̀ ṣubú. Mo tú u, mo fi ayùn ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lè lọ sókè sódò láìmì síwá sẹ́yìn, mo sì fi sípíríǹgì lé e. Bàbá fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́yìn: kò yẹ̀ mọ́. Ó ní, "Olùkọ́, ṣé o ń fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ ní irú àyè yìí?" N kò rí èsì fọ̀.