Ọjọ́ Kẹtàlélọ́gbọ̀n Oṣù Kejìlá

Ẹni tí ń pọnmi sí àmù ilé kì í sábà gba ọpẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí igbá bá ti ń kan omi, kò sí ẹni tí í bèèrè ẹni tí ó jí lọ sí odò. Ọjọ́ tí igbá bá ha ìsàlẹ̀ gbígbẹ ni gbogbo agbo ilé ń pe orúkọ rẹ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà àgbà ilé iṣẹ́ wà, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní sáfà. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń kọ íméèlì, wọ́n ń rí èsì gbà, wọ́n ń ṣí ìwé owó ọjà. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń wá kò kàn wọ́n. Ó wà nínú yàrá kan ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí ó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ariwo fáànù kì í dákẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé íméèlì a máa fò tààrà láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, tí ó sì fi àmì @ ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní 1982, Jon Postel kọ ìlànà tí àwọn sáfà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn, ìlànà náà ni ayé sì ń tẹ̀lé títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni sùúrù. Bí sáfà tí ó yẹ kí ó gba lẹ́tà kò bá dáhùn, èyí tí ń fi í ránṣẹ́ kò ní sọ ọ́ nù. Yóò tò ó sórí ìlà, yóò sì máa padà lọ kanlẹ̀kùn, ó kéré tán fún ọjọ́ 4 tàbí 5. Sùúrù yìí ni ó ń jẹ́ kí olùtọ́jú sáfà rí oorun sùn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà a máa gbé ewu bọ̀ pẹ̀lú. Nítorí èyí ni Microsoft ṣe fi aṣọ́bodè kan sínú Exchange, ètò íméèlì rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1996, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń lò nínú ọgbà tiwọn. Iṣẹ́ aṣọ́bodè náà ni láti tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Ìwé àmì tí ó fi ń dá àwọn ọ̀tá mọ̀ ń di ọ̀tun nígbà gbogbo, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tí a fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe: ọdún ṣíwájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ tẹ̀lé oṣù, òǹkà mẹ́rin mìíràn sì kádìí rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ètò náà pèsè àpótí kan tí nọ́ńbà yìí yóò máa wọ̀, àpótí náà kò sì lè gba ohun tí ó bá ju 2,147,483,647 lọ. Ní gbogbo ọdún 2021, 21 ni nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀, àyè sì gbà á. Nígbà tí ọdún 2022 wọlé, nọ́ńbà tuntun dé: 2201010001. Kò wọ inú àpótí. Aṣọ́bodè dákú sẹ́nu iṣẹ́. Níwọ̀n bí lẹ́tà tí a kò bá yẹ̀ wò kò sì ti gbọdọ̀ kọjá, gbogbo lẹ́tà dúró sẹ́nu bodè.

Ọjọ́ Sátidé ni, òru àìsùn ọdún tuntun. Olùtọ́jú tí fóònù rẹ̀ kò dún sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tí ó jí, tí ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ sáfà, rí i kà níbẹ̀ pé ẹ̀rọ kò mọ ohun tí yóò fi 2201010001 ṣe. Kò tíì sí lẹ́tà tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n sùúrù Exchange kò gùn tó ti ìlànà àgbáyé: bí olùtọ́jú kò bá yí i padà, ọjọ́ 2 péré ni ó fi ń mú lẹ́tà dúró lórí ìlà kí ó tó dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ìwé ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè lè wà lórí ìlà náà. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè wà níbẹ̀. Olùtọ́jú kò mọ èyí tí í ṣe èyí. Iye wọn nìkan ni ó ń rí, iye náà sì ń ga sí i.

Ọ̀nà kan wà tí ó yá: kí ó mú aṣọ́bodè kúrò, kí lẹ́tà máa kọjá láìyẹ̀wò. Àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni Microsoft kéde pé àwọn olè ń gba ihò 4 wọ inú sáfà Exchange, ẹni tí ó bá sì ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ipasẹ̀ olè kiri nínú ilé rẹ̀ kì í fi ẹ̀rín ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì a máa tan ọ̀dọ́ jẹ. Láyé ìsinsìnyí, sáfà kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ kan tí ó dá dúró. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ti fi hàn pé a lè pín kọ̀ǹpútà ńlá kan sí púpọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà. Ilé iṣẹ́ VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, mú ọgbọ́n náà dé orí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké. Ó dàbí agbo ilé: òrùlé kan, kànga kan, ṣùgbọ́n yàrá púpọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Virtual machine ni wọ́n ń pe yàrá bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú lè mú ipò tí yàrá kan wà ní ìṣẹ́jú kan pamọ́, bí ẹni ya fọ́tò, kí ó sì dá yàrá náà padà sí ipò yẹn bí nǹkan bá bàjẹ́. Fún iṣẹ́ púpọ̀, ọgbọ́n tí ó dára ni. Fún Exchange, Microsoft kò fọwọ́ sí i, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: sáfà yóò padà sí àná, ṣùgbọ́n àwọn sáfà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bá a padà, lẹ́tà tí ó ti gbà láti àná yóò sì wọmi. Àǹfààní wo tilẹ̀ ni ì bá ṣe lóru ọjọ́ náà? Ìwé àmì tuntun ni sáfà yóò tún lọ gbé wá, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì tún kọ̀ láti wọ àpótí.

Lọ́jọ́ kan náà ni Microsoft fi àtúnṣe jáde. Orí sáfà kọ̀ọ̀kan ni a ti ní láti ṣe é: kí a dá iṣẹ́ aṣọ́bodè àti ti agbélẹ́tà dúró, kí a pa ìwé àmì tí ó wà nílẹ̀ rẹ́, kí a gba òmíràn, kí a sì jí gbogbo wọn padà. Ìwé tuntun náà ní nọ́ńbà 2112330001. Ẹni tí ó bá kà á bí ọjọ́ yóò rí ọjọ́ 33 oṣù kejìlá ọdún 2021, ọjọ́ tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà kankan. Ó pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà ni. Aṣọ́bodè kò fi nọ́ńbà náà ka ọjọ́ rí. Ohun tí ó ń fẹ́ kò ju pé kí èyí tí ó dé lẹ́yìn ju èyí tí ó ṣáájú lọ, kí ó sì wọ àpótí. Wọ́n fa ọdún tí ó ti parí gùn díẹ̀, kí iṣẹ́ lè máa lọ.

Microsoft parí ìtọ́jú Exchange 2016 àti 2019, àwọn méjèèjì tí ọ̀ràn náà kàn, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti kó lẹ́tà wọn lọ sínú sáfà ẹlòmíràn tí wọ́n ń sanwó fún, yàrá tútù sì ti ṣófo ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, olùtọ́jú jókòó tì í, ó ń wo iye náà bí ó ti ń wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá ìkíni ọdún tuntun nínú àpótí lẹ́tà wọn, wọ́n kà á, wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ pe olùtọ́jú pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣiṣẹ́. Bébà ni ó tán nínú rẹ̀.