Lẹ́tà láti Niamey: Sí Àbúrò Mi Tó Ń Múra fún Ìdánwò Àwọn Ẹnjiníà

Niamey,
Orílẹ̀-èdè Niger.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Àjàní, àbúrò mi,

Owó oògùn Màmá á dé kí oṣù tó parí. Ara mi le. Òjò ń rọ̀ níbí, Odò Ọya sì ti ń kún dé bèbè.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi pé o fẹ́ jókòó fún ìdánwò NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, kí o lè gba nọ́ńbà COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà. Inú mi dùn gidigidi. O ní kí n fi ríìpọ́tù tí mo kọ nígbà tèmi ránṣẹ́ kí o lè tẹ̀ lé e. Mi ò ní fi í ránṣẹ́. Má bínú, kì í ṣe pé mo láhun. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Àwọn tí yóò jókòó níwájú rẹ ti ka irú ríìpọ́tù bẹ́ẹ̀ láìmọye. Kí wọ́n tó bi ọ́ ní ìbéèrè kẹta, wọ́n á ti mọ̀ bóyá ìwọ lo ṣe iṣẹ́ náà.

Mọ ohun tí ìdánwò yìí ń wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí tó kàwé lédè Faransé, ilé ìwé ló fún wọn lórúkọ ẹnjiníà. Ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ti gba orúkọ náà. Tiwa yàtọ̀. Láti ìgbà tí òfin 55 ti ọdún 1970 ti dá COREN sílẹ̀, dígírì nìkan kò tó. O gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán, kí àwọn àgbà iṣẹ́ sì yẹ̀ ọ́ wò, nínú ìwé kíkọ àti lójúkojú. Ilé ìwé ti yẹ ọpọlọ rẹ wò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ báyìí ni bóyá èèyàn lè fi ẹ̀mí rẹ̀ sábẹ́ ohun tí o bá fọwọ́ sí.

Nítorí náà, mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìwọ fúnra rẹ pinnu nǹkan nínú rẹ̀. Kọ́lífáàtì tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá dára ju ilé gogoro tí o kàn dúró wò lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ̀n yẹn lẹ yàn? Báwo ni ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá síbẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Irú òjò wo lẹ fi ṣírò rẹ̀, èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá ni tàbí lẹ́ẹ̀kan láàádọ́ta ọdún? Nígbà tí ẹ fọ́ kíúbù kọnkéré lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí lẹ rí, kí sì lẹ ṣe sí èyí tí kò lágbára tó? Ìbàdàn lo ti ń ṣiṣẹ́, ìlú tí omíyalé odò Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣẹlẹ̀ sí, tí àgbàrá tún gbé afárá lọ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí o dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe wí.

Wo odò tí mò ń bá ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tó gbára lé ìwé nìkan á ní ìgbà òjò ni odò ń kún. Ní Niamey, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún. Omi pupa ń dé ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án láti inú àwọn odò ìtòsí bíi Gorouol, Dargol àti Sirba. Òun ló ya wọ àdúgbò Kirkissoye àti Lamordé lọ́dún 2020. Omi dúdú ń ti orí òkè Guinea bọ̀. Ó ń rọra gba inú irà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa títí di nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, nígbà tí òjò ti dá tipẹ́. Méjèèjì ló ń ṣàn lọ sí dáàmù Kainji nílé, ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì kò lè ṣírò omi dáàmù náà dáadáa. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Wọ́n á tún bi ọ́ nípa ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́. Má kàn há ìlànà COREN sórí. Ronú lórí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, l'Ékòó, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì. Ilé iṣẹ́ ẹnjiníà kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti kọ̀wé yọwọ́ lọ́dún 2020, pé ojú tí àwọn fi ń wo iṣẹ́ náà kò bá ti ẹni tó ni ín mu mọ́. Ká ní ìwọ ni, ta ni o máa kọ̀wé sí lẹ́yìn tí o bá yọwọ́? Ṣé yíyọwọ́ nìkan tó, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń gun orí ilé? Kọ èrò rẹ sílẹ̀, má dúró de ọjọ́ ìdánwò.

Ní ti ìmúra, máa fi pẹ́ẹ̀nì kọ àròkọ kan láàárọ̀ kùtù, kí o sì fi aago sí i, torí kọ̀ǹpútà ti ba ọwọ́ gbogbo wa jẹ́. Máa fi pẹ́ńsù ya àwòrán iṣẹ́ rẹ láìwo ìwé. Wá àgbà ẹnjiníà kan ní ẹ̀ka NSE Ìbàdàn, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ rí, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ìbéèrè gbò ọ́ wò. Owó fọ́ọ̀mù wà lọ́rùn mi.

Ka ibí yìí fún Màmá: Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda Àjàní kúrò ní òde ọjọ́ Sátidé títí ìdánwò yìí yóò fi parí. Bí ẹbí bá bínú, ẹ sọ pé èmi ni mo ní kó má wá.

Àjàní, fi ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Màá kọ "kí ló dé?" sí ibi gbogbo tí ìdí kò bá ti hàn, màá sì dá a padà, títí ìwọ yóò fi lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Ọlọ́run yóò fi àṣeyọrí dé e.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.