Ibà Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Ọmọkùnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 wá bá mi níbi àyẹ̀wò wa ní Ìkòsí. Ibà ń ṣe é, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, nǹkan pupa wínníwínní sú sí i láyà. Ó ti lo oògùn kẹ́míìsì, ó ti mu àgbo ní Kétu, ara kò lọ. Ó rọra ní kí n bá òun yẹ HIV wò. Mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sójú àyẹ̀wò, ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Mo ní, "Kò sí lára rẹ." Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. N kò sọ fún un pé kó padà wá.

Láti August 1997 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti jáde sọ fáyé pé éèdì ló pa Fẹlá àbúrò òun, ará Èkó ti mọ bí àrùn yìí ṣe ń parí. A mọ rírù, a mọ ikọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la ò mọ̀, ibẹ̀ sì ni ogun ti ń gbóná jù.

Láàárín oṣù àkọ́kọ́, kòkòrò HIV á bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó máa mú un. Àwọn sọ́jà ara tí wọ́n ń pè ní CD4, tí ìyókù ń gbàṣẹ lẹ́nu wọn, ló ń wọ inú wọn. Wọ́n pọ̀ nínú ìfun ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń pa wọ́n nípakúpa. Ariwo ìjà yìí ni ibà tó máa ń dé ní bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ni àwọn sọ́jà ara mìíràn tí wọ́n ń pè ní CD8 á dìde, wọ́n á máa wá sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti bà sí, wọ́n á máa pa á. Kòkòrò á dínkù, ibà á lọ, aláìsàn á ní àgbo ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í tán. Iye tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìjà yẹn ló máa ń wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí kò bá sí oògùn: bó bá pọ̀, ara lè wó láàárín ọdún 2 tàbí 3, bó bá kéré, ó lè ju ọdún 10 lọ. Àwọn díẹ̀ wà, wọn ò tó ẹnì kan nínú 100, tí ara wọn ń ká a lọ́wọ́ kò láìlo oògùn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara rọ láti fi bá a jà ló ń wá, èyí sì lè tó oṣù 3 kó tó hàn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní i.

Ó tó ọdún kan kí n tó rí i nídìí ọjà rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn àlùbọ́sà níkọ̀ọ̀kan, tó ń ju èyí tó bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé mi. Ìlà méjì yọ. A tún un ṣe, ohun kan náà ni.

"Màmá," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí lára mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ara rẹ̀ ti padà sípò. Bí ìlà kan bá yọ fún ẹnikẹ́ni báyìí, mo máa ń kọ ọjọ́ tó máa padà wá sẹ́yìn káàdì rẹ̀, mo sì máa ń gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó tó dìde lórí àga.